Golf 4 tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti sọ̀, tí wọ́n sì fẹ́ gé hítà rẹ̀: ìdáhùn sí òǹkàwé kan ní Abẹ́òkúta

Òǹkàwé kan tó ń gbé ní Abẹ́òkúta kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Volkswagen Golf 4 ọdún 2001 ni mò ń lò, tòkúnbọ̀ ni mo rà á. Ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, àfi kí n gbá a gidi kó tó padé. Iná inú ọkọ̀ kì í tàn mọ́ bí mo bá ṣí i, bí mo bá sì fi rìmóòtù ṣí ọkọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò tún fi ti ara rẹ̀ pa. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan kì í ṣí láti inú rárá. Èyí tó ń kó ìdààmú bá mi jù ni pé kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú máa ń rin gbingbin, òórùn dídùn kan sì máa ń jáde bí mo bá tan fáànù. Mẹkáníìkì mi ní hítà ló ń jò, pé kí a gé e dànù, pé ta ló ń lo hítà ní Nàìjíríà. Èmi náà kò sì tan hítà yẹn rí. Báwo ni ohun tí n kò lò ṣe wá bàjẹ́? Ṣé kí n jẹ́ kó gé e?”

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù ṣàlàyé. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi sí, ẹ̀rù tó ń bà yín ni pé ọkọ̀ náà ti ń tú ká, pé bí ẹ bá ṣe ibí, ibòmíràn yóò tún yọnu. N kò rò pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn tó sọ̀, iná tí kò tàn àti rìmóòtù tó ń ti ọkọ̀ padà, ó jọ pé ọ̀kan ló bí èkejì nínú wọn. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kì í ṣí láti inú sì lè máà jẹ́ ìbàjẹ́ rárá. Ti hítà nìkan ni kò ṣeé fi falẹ̀, nítorí pé bó bá jẹ́ hítà ló ń jò lóòótọ́, omi ẹ́ńjìnì ló ń dà sí kápẹ́ẹ̀tì yín, bí omi yẹn bá sì tán lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láìjẹ́ pé ẹ tètè mọ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì yóò jó, orí ẹ́ńjìnì sì lè tẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Hítà ọkọ̀ kì í ṣe ohun tó ń fi iná bátìrì gbóná bí áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ. Rédíétọ̀ kékeré kan ni, ó sì wà nínú àpótí oníke kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Họ́ọ̀sì méjì ló ti inú yàrá ẹ́ńjìnì wá pàdé rẹ̀: ọ̀kan ń gbé omi gbígbóná wọlé láti ara ẹ́ńjìnì, èkejì ń dá a padà. Nínú ọ̀pọ̀ Golf 4, kò sí ohunkóhun tó ń dá omi yìí dúró. Yálà ẹ yí bọ́tìnì sí apá búlúù tàbí sí apá pupa, omi gbígbóná náà ń yí po nínú hítà láti ìgbà tí ẹ bá ti ta ọkọ̀ títí ẹ ó fi pa á. Iṣẹ́ bọ́tìnì yẹn kò ju pé kó ṣí tàbí kó pa ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan nínú àpótí náà, èyí tó ń pinnu bóyá atẹ́gùn yóò gba ara hítà kọjá tàbí yóò yà á sílẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí ẹ ti ra ọkọ̀ yìí ni hítà rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Ooru rẹ̀ nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ yín. Bó ṣe ń gbó bí rédíétọ̀ iwájú ṣe ń gbó nìyẹn, omi kan náà ló sì ń jẹ àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà pé hítà ni, ẹ jẹ́ kí a mọ irú omi tó wà ní kápẹ́ẹ̀tì yín, nítorí mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gé hítà rẹ̀ tí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò sì gbẹ. Ọ̀nà mẹ́rin ni omi lè gbà dé ibẹ̀ nínú Golf 4. Àkọ́kọ́ ni hítà fúnra rẹ̀. Èkejì ni omi AC: ibi tí AC ti ń tutù máa ń sun omi, páìpù kékeré kan sì wà tó yẹ kó da omi náà sí ilẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, bí ìdọ̀tí bá dí páìpù yẹn, inú ọkọ̀ ni omi yóò yà sí. Ẹ̀kẹta ni ibi tí fílítà atẹ́gùn inú ọkọ̀ wà, lábẹ́ ike dúdú tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, ní apá ọ̀tún gan-an níbi tí kápẹ́ẹ̀tì yín ti ń tutù. Bí rọ́bà rẹ̀ bá ti gbó tàbí bí ẹni tó pààrọ̀ fílítà kò bá dè é dáadáa, omi òjò yóò máa wọlé. Ẹ̀kẹrin ni ilẹ̀kùn: lẹ́yìn ike inú ilẹ̀kùn, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ilẹ̀kùn, rọ́bà sì yí i ká; bí rọ́bà náà bá ti ṣí, òjò tó bá ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kọjá yóò yọ sí inú ọkọ̀ dípò kó jáde nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà dá wọn mọ̀ kò le. Ẹ mú bébà funfun tí a fi ń nu ọwọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wò ó. Omi AC àti omi òjò kò ní àwọ̀, kì í sì í yọ̀ lọ́wọ́. Omi hítà tó ní kúláǹtì nínú, ìyẹn èròjà aláwọ̀ tí a ń pò mọ́ omi ẹ́ńjìnì, máa ń yọ̀ láàárín ìka, ó sì máa ń ní àwọ̀ pupa tàbí ewé. Ẹ má ṣe tọ́ ọ wò, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá sún mọ́ ọn, nítorí májèlé ni kúláǹtì bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dùn. Òórùn dídùn tí ẹ sọ, bí ìkùukùu ọlọ́ràá kan bá tún ń bo inú gíláàsì iwájú tí aṣọ gbígbẹ kò lè nù tán, àmì hítà ni méjèèjì. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè rú yín lójú ni bó bá jẹ́ omi lásán ni wọ́n ń bù sí ọkọ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí omi lásán kò ní àwọ̀ tàbí òórùn. Nígbà náà, ẹ wo tẹ́ńkì omi roboto tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní òwúrọ̀ kí ẹ tó ta ọkọ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù, kí ẹ fi bírò sàmì sí ibi tí omi dé. Ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ láì tan AC, ní àsìkò tí òjò kò rọ̀. Bí omi bá dín kù nínú tẹ́ńkì tí kápẹ́ẹ̀tì sì ń tutù síi, ọ̀rọ̀ ti parí, hítà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ṣí ìdérí tẹ́ńkì yẹn nígbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná; mo mọ àwọn tí omi náà bó lójú.

Ohun tó ń ba hítà jẹ́ jù nílẹ̀ wa ni omi lásán. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé kúláǹtì wà fún àwọn ará ìlú tí yìnyín ń bọ́, pé Nàìjíríà kò nílò rẹ̀. Kí omi má bàa dì jẹ́ apá kan iṣẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, apá yẹn kò sì kàn wá. Ṣùgbọ́n kúláǹtì ni kì í jẹ́ kí irin ẹ́ńjìnì dípẹtà, òun ni kì í jẹ́ kí omi jẹ alumíníọ́mù tí wọ́n fi ṣe hítà, òun náà ló sì ń mú kí omi pẹ́ kó tó hó. Omi kànga àti omi bọ̀họ́ọ̀lù ní iyọ̀ àti ẹfun nínú. Wọ́n máa ń di èèpá mọ́ inú àwọn ihò tóóró hítà, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí omi tó wà nínú tẹ́ńkì yín bá ti pọ́n bí omi amọ̀, ìpẹtà inú ẹ́ńjìnì ni. Nǹkan kejì tó ń bà á jẹ́ ni pípa oríṣi kúláǹtì méjì pọ̀: aláwọ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní G12 ni Golf 4 bá wá, bí wọ́n bá sì da aláwọ̀ ewé tàbí búlúù àtijọ́ lé e, àdàlù náà máa ń ki, á sì di ẹrẹ̀ dúdú dúdú. Ẹ̀kẹta ni oògùn tí wọ́n ń dà sínú rédíétọ̀ láti dí ibi tó ń jò. Oògùn yẹn kò mọ ihò tó ń jò yàtọ̀ sí ihò tó yẹ kí omi gbà kọjá, hítà tí ihò rẹ̀ kéré jù ló sì ń kọ́kọ́ dí. N kò gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti dà á.

Ó yẹ kí ẹ tún bi mẹkáníìkì yín bóyá ẹnì kan ti yọ tẹmosítáàtì ọkọ̀ náà, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kí omi kọjá lọ sí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó. Àṣà yìí wọ́pọ̀ nílé ìṣẹ́ mẹkáníìkì wa, wọ́n gbà pé ojú ọjọ́ wa gbóná, pé kí omi máa ṣàn fàlàlà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnì kì í gbóná tó bó ṣe yẹ, á máa mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ara rẹ̀ á sì máa jẹ. Ọwọ́ tó ń tọ́ka ooru nínú Golf 4 gbọ́dọ̀ dúró gbọnin ní 90 lẹ́yìn ìrìn díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ bá ti sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀ ló ń rẹlẹ̀ sísàlẹ̀ 90, wọ́n ti yọ ọ́ tàbí ó ti há ní ṣíṣí. Owó kékeré ni tẹmosítáàtì, ẹ dá a padà.

Ní báyìí, ṣé kí wọ́n gé hítà? Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á yọ họ́ọ̀sì méjèèjì kúrò lára hítà, wọ́n á sì fi páìpù kan so wọ́n pọ̀ nínú yàrá ẹ́ńjìnì, kí omi máa yí padà láì wọ inú ọkọ̀ mọ́. Iṣẹ́ bí wákàtí kan ni, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ hítà fúnra rẹ̀, gbogbo dáṣíbọ́ọ̀dù Golf 4 ni wọ́n máa tú sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà wọ́n á ní láti tú gáàsì AC náà, owó iṣẹ́ yóò sì ju owó hítà lọ ní ìlọ́po. Èyí tó tún jù ni pé dáṣíbọ́ọ̀dù tó ti lé ní ogún ọdún, àwọn ike ìdè rẹ̀ ti gan. Bí ọwọ́ ẹni tó ń tú u kò bá rọ̀, ariwo kíríkírí ni yóò máa pa lójú títì láti ọjọ́ náà lọ. Mo máa ń gba ẹni tó ń gbé ní Abẹ́òkúta tàbí Èkó tí AC rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa láyè láti so họ́ọ̀sì pọ̀, n kò sì rò pé ó jẹ́ ìwà òmùgọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ máa pàdánù. Bí gíláàsì iwájú bá bo nígbà òjò, AC nìkan ni yóò kù láti mú un mọ́. Bí AC bá bàjẹ́, aṣọ ni ẹ ó máa fi nù ún, ìyẹn sì léwu lóru. Bákan náà, bí ooru ẹ́ńjìnì bá ń gòkè nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ tí kò sí àyè láti yà, ẹni tí hítà rẹ̀ pé lè tan án dé òpin kí ó ṣí gíláàsì gbogbo, hítà yóò sì fa díẹ̀ nínú ooru náà kúrò lára ẹ́ńjìnì títí yóò fi rí ibi dúró sí. Ẹni tí wọ́n ti gé ti rẹ̀ kò ní àǹfààní yẹn. Fún ẹni tí òun ti ọkọ̀ rẹ̀ wà ní Jos, tàbí ìbátan wa tó ń lo irú Golf yìí ní Manchester, ìmọ̀ràn mi yóò yàtọ̀ pátápátá: kí ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù náà.

Bí ẹ bá yàn láti so ó pọ̀, ẹ dúró ti mẹkáníìkì náà. Kí ó fi páìpù irin tó wọ họ́ọ̀sì dáadáa so wọ́n, kí ó sì fi kílíìpù tó ń fún pọ̀ dè é ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Páìpù oníke tí wọ́n ń lò fún omi ilé kò lè gba ooru yẹn mọ́ra. Kí ó má ṣe fi bóòtù dí họ́ọ̀sì náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọ̀nà yẹn ni omi fi ń yí po kí tẹmosítáàtì tó ṣí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fọ inú ẹ́ńjìnì títí omi tó ń jáde yóò fi mọ́, kí wọ́n sì da kúláǹtì tuntun sí i, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi tí a ti sè tí a sì gba ooru rẹ̀ tó tún di omi, irú èyí tí wọ́n ń tà fún bátìrì. Bí wọ́n bá gé hítà tí wọ́n sì tún bu omi kànga sí i, rédíétọ̀ iwájú ni yóò tẹ̀lé e.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò bi mí, ṣùgbọ́n ó kan yín. Bí ẹ bá ti rí fóòmù wẹ́wẹ́ tó ń fò jáde láti ojú fáànù, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ inú àpótí hítà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló ń tú. Irin tó ní ihò ni wọ́n fi ṣe é nínú Golf 4, wọ́n sì lẹ fóòmù bo ihò náà. Bí fóòmù bá ti gbó tó sì dànù, atẹ́gùn tó ti gba ara hítà gbígbóná yóò máa yọ gba ihò wọ̀nyẹn, yóò sì pàdé atẹ́gùn AC. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi gáàsì kún AC láìmọye ìgbà, nígbà tó jẹ́ pé ooru hítà ló ń ba òtútù rẹ̀ jẹ́. Téèpù alumíníọ́mù tó nípọn ni wọ́n fi ń bo àwọn ihò náà.

Ó kù sí ilẹ̀kùn. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn. Ẹ ṣí i láti ìta, kí ẹ wo etí rẹ̀, níbi tí lọ́ọ̀kù wà. Ẹ ó rí ojú kékeré kan tí a lè fi ṣọ́ńṣó kọ́kọ́rọ́ yí. Lọ́ọ̀kù àwọn ọmọdé ni. Bí ẹnikẹ́ni bá ti yí i, ilẹ̀kùn náà kò ní ṣí láti inú títí ẹ ó fi yí i padà. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ní Yúróòpù lè ti yí i nítorí ọmọ rẹ̀ kí ó tó tà á. Ẹ tún mọ̀ pé Golf 4 tó wá láti Yúróòpù, bí ẹ bá fi rìmóòtù tì í láti ìta, kò sí ilẹ̀kùn kankan tí yóò ṣí láti inú mọ́, ti iwájú pàápàá. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí olè tó bá fọ́ gíláàsì má lè na ọwọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ ti ènìyàn mọ́ inú ọkọ̀ yìí láéláé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ fẹ́ sáré ra nǹkan lásán. Bí lọ́ọ̀kù ọmọdé bá wà ní ṣíṣí tí ilẹ̀kùn kò sì ṣí láti inú, okùn wáyà tó so ọwọ́ inú mọ́ lọ́ọ̀kù ló já tàbí ló yọ, ìyẹn sì rọrùn láti ṣe.

Ilẹ̀kùn iwájú ni iṣẹ́ wà. Ẹ ṣí i dé ìdajì, kí ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìparí rẹ̀ sókè díẹ̀. Bó bá ń lọ sókè sódò níbi ínjíìsì, ìyẹn irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ òpó ọkọ̀, ìdí ínjíìsì ti jẹ. Bí kò bá mì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bóòtù tó dè é ló ti sún, tàbí irin tó tẹ̀ kọdọrọ lára òpó ọkọ̀, èyí tí lọ́ọ̀kù ń gbá mú, ni kò sí ní ipò rẹ̀ mọ́. Ẹ wo irin náà dáadáa: bí ibì kan lára rẹ̀ bá ń dán tí ó sì ti họ, ilẹ̀kùn ló ń fi ara gbá a bó ṣe ń padé. Ọwọ́ pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó mọ iṣẹ́ ni kí ẹ gbé e lé, kì í ṣe ẹni tó máa fi igi há a kó sì tẹ̀ ẹ́ sókè, nítorí kíkùn yóò sán, ilẹ̀kùn yóò sì tún sọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí rìwáyà fọwọ́ kan lọ́ọ̀kù kí ilẹ̀kùn tó dúró déédéé. Gbígbá tí ẹ ń gbá a yẹn ló ba lọ́ọ̀kù jẹ́, òun náà ni yóò ba tuntun jẹ́.

Nínú lọ́ọ̀kù Golf 4, súwíìṣì kékeré kan wà tó ń sọ fún ọkọ̀ pé ilẹ̀kùn ti ṣí tàbí ó ti padé. Ojú lẹ́ẹ̀dì (òjé yíyọ́) tí wọ́n fi jó o mọ́ wáyà rẹ̀ máa ń sán nítorí gbígbá àti ọjọ́ orí. Nígbà tó bá ti sán, bí ẹ tilẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ọkọ̀ gbà pé ó padé. Ìdí nìyẹn tí iná inú kì í fi tàn. Ìdí nìyẹn náà tí rìmóòtù fi ń ti ọkọ̀ padà: bí ẹ bá ṣí i tí ọkọ̀ kò sì rí i pé ilẹ̀kùn kankan ṣí láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, yóò rò pé ẹ ṣèèṣì tẹ rìmóòtù ni, yóò sì ti ara rẹ̀ pa. Ẹ wádìí rẹ̀ báyìí: ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì níwájú. Bí iná bá tàn, gílóòbù àti fúúsì pé, lọ́ọ̀kù awakọ̀ tàbí wáyà rẹ̀ nìkan ni kí ẹ wá. Ẹ wá di rọ́bà tó gbé wáyà láti òpó ọkọ̀ wọ ilẹ̀kùn mú, kí ẹ máa mì ín nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bí iná bá ń tàn tó ń kú, wáyà ló já nínú rọ́bà náà, ẹ kò nílò lọ́ọ̀kù. Bí kò bá yí padà, súwíìṣì ni.

Rìwáyà tó fara balẹ̀ lè tú lọ́ọ̀kù náà kó sì tún lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jó. Sukúrúù méjì tó wà ní etí ilẹ̀kùn ló dè é, ojú ihò wọn sì ní igun méjìlá. Bí ó bá fi irinṣẹ́ onígun mẹ́fà tú u, ojú rẹ̀ yóò fọ̀, líluhò nìkan ni yóò sì yọ ọ́. Bí ẹ bá yàn láti ra lọ́ọ̀kù ara òkú ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Gate ní Ìbàdàn, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ orí kan náà ni òun àti tiyín, ó sì lè ní àìsàn kan náà. Kí rìwáyà so ó mọ́ wáyà ọkọ̀ yín kí ẹ tó sanwó, kó fi sukurudíráfà yí ẹnu lọ́ọ̀kù bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá padé, kí ẹ rí i bóyá iná ń kú, kí ó sì fa ọwọ́ ilẹ̀kùn láti tú ẹnu náà sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbìyànjú àti ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ike ilẹ̀kùn bá ṣì wà nílẹ̀, kí ó wo rọ́bà tó yí irin pẹlẹbẹ yẹn ká, nítorí omi òjò tí mo sọ. Gíríìsì funfun ni kí ẹ fi sí ẹnu lọ́ọ̀kù àti ínjíìsì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì yóò kó eruku ọyẹ́ jọ, yóò sì di ẹrẹ̀.

Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti ń sọ̀rọ̀, n kò fọwọ́ kan ọkọ̀ yín, nítorí náà bébà funfun àti àmì bírò lára tẹ́ńkì ni kí ẹ gbà gbọ́ ju èmi lọ. Bó bá wá ṣẹlẹ̀ pé omi ń dín kù nínú tẹ́ńkì ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì gbẹ fúrúfúrú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan hítà. Ẹ ní kí wọ́n wo ike dúdú tí àwọn họ́ọ̀sì wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ́ńjìnì, nítorí ike yẹn máa ń sán nínú Golf 4 tó ti pẹ́, omi rẹ̀ sì máa ń rọra sun sí ara jíà bọ́ọ̀sì níbi tí ojú kì í tètè dé.